Ẹṣin Arọ, Gàárì Wúrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ọmọ nìkan. Ó kan ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ fi owó rẹ̀ rà, pàápàá jù lọ ohun tí yóò máa gbé ẹ̀mí rẹ̀ àti ẹ̀mí ẹlòmíràn kiri.

Bí ènìyàn bá dúró sí Upper Iweka ní ìlú Onitsha ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí èrò tó ti Asaba sọdá odò Ọya ti ń pàdé èrò tó ń bọ̀ láti Enugu àti Owerri, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ariwo kan tó dún bí ààrá. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan ni yóò yọ, ilẹ̀kùn méjì péré ni yóò ní, ikùn rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ ilẹ̀, gíláàsì rẹ̀ yóò dúdú bí èédú, èéfín yóò sì máa tú yàà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èwe a pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì a fa atẹ wọn sẹ́yìn. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé nínú àwọn méjèèjì yìí, ta ni ó gbọ́n: ẹni tó pàtẹ́wọ́ ni, tàbí ẹni tó fa atẹ sẹ́yìn?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́. Ọkọ̀ asáré àlòkù ni. Ní Japan, tàbí Jámánì, tàbí Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ará ibẹ̀ ti gùn ún fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó sú wọn, kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ ní Èkó tàbí Kutọnu. Tòkunbọ̀ ni àwa Yorùbá ń pè é. Orúkọ ọmọ ni Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sókè òkun, tó sì padà wálé sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, ni àwọn baba wa ń fún ní orúkọ náà, orúkọ ayọ̀ sì ni. Lónìí, bí a bá pe Tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀, fíríìjì tàbí táyà ni à ń wí. Àwọn ará Onitsha kò tilẹ̀ fi orúkọ ọmọ wọn bo irú ọjà bẹ́ẹ̀. Belgium ni ọ̀pọ̀ wọn ń pè é, nítorí ilẹ̀ Belgium ni èbúté Antwerp wà, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ àlòkù ti ń gbéra wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn sọ ibi tí ọjà ti wá. Àwa fi orúkọ ọmọ dá a lọ́lá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ni wọ́n sọ òótọ́ jù wá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó ra ọkọ̀ àlòkù. Owó ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò kékeré. Ní ọdún 1975, nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa, ìrètí wà pé ọkọ̀ tuntun yóò tó mẹ̀kúnnù lọ́wọ́. Ìrètí náà kò jọ. Ilé iṣẹ́ Innoson, tí a ṣí ní Nnewi ní ọdún 2010, kò jìnnà sí Onitsha rárá, síbẹ̀ àlòkù ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ṣì ń rà, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára wọn mọ. Nítorí náà, ẹjọ́ tí a ń pè níhìn-ín kì í ṣe ti rírà. Ẹjọ́ àtúnṣe tó ń tẹ̀lé rírà ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ó sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí àṣà Igba Boi àwọn Ìgbò. Ọ̀gá náà sọ ọ́ dòmìnira, ó fún un ní owó ìdókòwò, ọmọ náà sì tẹra mọ́ṣẹ́. Ní ọdún kẹta, ó ra ọkọ̀ asáré àlòkù kan. Kí ọkọ̀ náà tó ti èbúté dé, ó ti kọ gbogbo ohun tí yóò ṣe sí i lára sínú ìwé kékeré kan. Èkíní, yóò gé sípíríìngì rẹ̀ kúrú kí ara ọkọ̀ lè súnmọ́ ilẹ̀. Èkejì, yóò yọ sáléńsà rẹ̀ dànù kí ó lè máa bú bíi kìnnìún. Ẹ̀kẹta, yóò fi táyà fífẹ̀ tó ń dán sí i. Ẹ̀kẹrin, yóò fi ohun dúdú bo gíláàsì rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, yóò jẹ́ kí wọ́n fi kún agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tó gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan ní Nkpor, àgbà náà kà á tán, ó sì ní, "Ọmọ mi, a kò tíì wo bíréékì o." Ọmọ náà dáhùn pé, "Ọ̀gá, bíréékì ń mú. Ẹ bá mi gé sípíríìngì ná."

Nínú gbólóhùn kúkúrú yẹn ni gbogbo àìsàn yìí pamọ́ sí. Ohun márùn-ún ló wà nínú ìwé náà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè dá ọkọ̀ dúró. Ẹṣin arọ ni ó rà, gàárì wúrà ni ó ń wá kiri.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ohun náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Sípíríìngì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa tẹ ilẹ̀ dáadáa nígbà tí ọ̀nà bá rí págunpàgun. Bí a bá gé e, táyà a máa fò kúrò nílẹ̀, táyà tí kò sì sí nílẹ̀ kò lè gba bíréékì, kò lè gba sítíárìn. Ìpínlẹ̀ Anambra ni à ń wí yìí, níbi tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ di ọ̀gbun ní ìlú púpọ̀. Ẹni tó ń gbé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá sọ ọkọ̀ rẹ̀ di aláǹgbá, kí ni ó rò pé òkúta àti kòtò yóò fi ṣe?

Ti sáléńsà burú ju ariwo lásán lọ. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, nǹkan kan wà tó dà bí ìkòkò irin, tí èéfín ń gbà kọjá kí ó tó jáde. Irin iyebíye mẹ́ta, platinum, palladium àti rhodium, ni wọ́n sábà máa ń tò sínú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń sọ gáàsì olóró inú èéfín di ohun tí kò pani lára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn kan ń kiri ilé mẹkáníìkì láti ra ìkòkò yìí. Wọ́n a gé e lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n a sì tà á fún àwọn tó ń kó o padà sókè òkun láti yọ irin inú rẹ̀. Ẹ wo irú òwò yìí! Ohun tó níye lórí jù lábẹ́ ọkọ̀ padà sí ibi tó ti wá, oró inú èéfín dúró ti ìyá ọlọ́sàn àti ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ẹni tó ni ọkọ̀ sì rò pé òun jèrè.

Táyà ńkọ́? Táyà àlòkù ni ọ̀pọ̀ ń rà, nítorí pé ó fẹ̀, ó sì ń dán. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ti fi òfin de kíkó táyà àlòkù wọ orílẹ̀-èdè wa. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára gbogbo táyà: méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí a bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni a ṣe táyà náà. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wole Soyinka sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ti kìlọ̀ léraléra pé kí a má ṣe lo táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí a ti ṣe é. Mélòó nínú àwọn tó ń dán rọ́bà ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rí láti ka nọ́ńbà yìí? Ní ti gíláàsì dúdú, òfin tó dè é ti wà láti ọdún 1991. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ìjà pẹ̀lú ọlọ́pàá, kí ó má ṣe pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n.

A wá kan agbára ẹ́ńjìnnì, èyí tó jẹ́ òpómúléró gbogbo ìgbéraga yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ asáré ni a ṣe fún epo tí òṣùwọ̀n octane rẹ̀ tó 95 tàbí 98. Epo tí a ń tà ní ọ̀pọ̀ ilé epo wa kò tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá fi kún agbára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, epo a máa gbiná ṣáájú àkókò nínú rẹ̀, a sì máa lu písítìn bí ẹni ń fi òòlù lù ú, títí yóò fi fọ́. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì náà kò bàjẹ́, ìṣirò kan wà tí gbogbo olùkọ́ físíìsì mọ̀. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi kọlu nǹkan kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọkọ̀ tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan yóò kọlu nǹkan pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́rin agbára èyí tó ń sá 60. Òfin ọ̀nà wa kò gbà kí ayọ́kẹ́lẹ́ kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí lójú títì márosẹ̀, àti 50 láàárín ìlú. Ní 100 kìlómítà, ọkọ̀ ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí awakọ̀ tó ṣẹ́jú kí ó sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréékì, ọmọ tó fẹ́ sọdá ti dé iwájú rẹ̀.

Ìyọnu kan tún wà tí ojú kò rí. Láàárín àwọn ọkọ̀ tó jáde ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ló ní àpò afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba oògùn tó ń fẹ́ àpò náà jẹ́, débi pé nígbà tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, irin a fò jáde lára rẹ̀ bí ọta ìbọn. Ènìyàn kú nítorí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn. Wọ́n pe àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọkọ̀ padà láti pààrọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè tí kò lè san ní ọdún 2017. Ta ni ó ń pe ọkọ̀ padà ní Onitsha? Ìlú tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ jù ni ọkọ̀ tí a kò pààrọ̀ tirẹ̀ ti wá ń lo ọjọ́ ogbó rẹ̀.

A kò tíì sọ ti sítíárìn. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré tí ojú àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ló sì ti Japan wá, níbi tí sítíárìn ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti lè lò ó níhìn-ín, wọ́n a tú sítíárìn, wọ́n a tú ibi ìtẹ̀ bíréékì, wọ́n a gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí òsì, nígbà mìíràn lábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú iná wẹ́dà nìkan. Iṣẹ́ tó gba ìdánwò àti òṣùwọ̀n ni wọ́n ń fi ojú wọ̀n.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí kò ṣàì ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n ní owó olówó ni, kí olówó fi ṣe ohun tó wù ú. Òtítọ́ ni pé owó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n títì kì í ṣe tirẹ̀. Bí ó bá ra ọkọ̀ náà, tó gbé e sínú yàrá rẹ̀, tó ń fi epo pa á lára lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Ní kété tó bá ti gbé e sójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ìlú.

Wọ́n tún ní ọ̀dọ́ gbọ́dọ̀ ṣe fàájì. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará òkè òkun tí à ń wò fi kọ́gbọ́n náà ń sá eré ọkọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní pápá tí wọ́n mọ odi yí ká fún un. Wọ́n ń dé akoto, àwọn dókítà sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. A mú ariwo wọn, a fi akoto wọn sílẹ̀.

Èyí tó lágbára jù nínú àwíjàre wọn ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, ọgbọ́n ni. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti ń dunni jù, nítorí pé òdodo ni. Kò sí ibi tí ọgbọ́n ọwọ́ pọ̀ sí tó àgbègbè yẹn. Láàárín ọdún 1967 sí 1970, nígbà tí ogun dí gbogbo ọ̀nà mọ́ wọn, àwọn ènìyàn ibẹ̀ fọ epo bẹntiróòlù fúnra wọn. Louis Ojukwu, ọmọ Nnewi, fi ọkọ̀ akẹ́rù dá ọrọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù àti ènìyàn ni, kì í ṣe èyí tó ń gbé ariwo. Ní ọjà Nkpor àti Mgbuka Obosi, àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n lè tú gíà ọkọ̀ palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà láìwo ìwé. Kí ni a ń fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Gígé sípíríìngì!

Àtúnṣe tó ní làákàyè pọ̀ nílẹ̀. A lè tún ọkọ̀ ṣe kí arọ lè máa fi ọwọ́ nìkan wà á. A lè sọ ọkọ̀ elépo di èyí tó ń lo gáàsì, gẹ́gẹ́ bí ìjọba àpapọ̀ ti ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti ọdún 2023 tí owó epo ti gbẹ́nu sókè. Èyí pàápàá ń béèrè ìmọ̀ àti òṣùwọ̀n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà gáàsì tí kò bá ìlànà mu bú gbàmù nínú ọkọ̀ kan ní ìlú Benin, ó sì ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n ọwọ́ láìsí òṣùwọ̀n, ọ̀bẹ olójú méjì ni.

Bí a bá ti ń bá ọ̀dọ́ wí, kí a má ṣe fi àgbà sílẹ̀. Ta ni ó ń gbé àga iwájú fún ẹni tí ariwo ọkọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù níbi ìnáwó? Ta ni ó ń ki í? Àwọn àgbà ni. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá náà kò sì lè yọ ara wọn kúrò nínú ẹ̀bi. Ìwádìí tí ẹ̀ka Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní lè yege ìdánwò ọkọ̀ nílé ara wọn mọ́. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí ọmọ tiwọn gùn mọ́, wọ́n tà á fún ọmọ tiwa. Àwa sì fi orúkọ ọmọ pè é.

Kí ni ṣíṣe? Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ kọ́kọ́ wá àmì mẹ́tàdínlógún tí a tẹ̀ sára rẹ̀. Lára ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀. Kí ó wádìí bóyá omíyalé ti bo ọkọ̀ náà rí. Kí ó ka ọjọ́ orí táyà. Bíréékì ni kí ó kọ́kọ́ náwó lé, kí ó tó kan sítíárìn, táyà àti iná. Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, kí ó kun ún ní ọ̀dà tó bá wù ú. Kò sẹ́ni tí ọ̀dà pa rí. Kí ìjọba sọ ibi ìdánwò ọkọ̀ di ibi tí a ti ń dán ọkọ̀ wò ní tòótọ́, kì í ṣe ibi tí a ti ń ta ìwé.

Ní ti àwa tí iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ tiwa, ẹrù kan wà lọ́rùn wa. Nígbà tí ọkọ̀ aláriwo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́, gbogbo ọmọkùnrin inú kíláàsì a yí ojú sí fèrèsé. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í yí i padà mọ́. Ìlànà ìgbésí ayé tí wọn yóò tẹ̀lé ti kọjá lójú títì. Kí olùkọ́ má ṣe pariwo mọ́ wọn. Kí ó kọ iye kìlómítà náà sójú pátákó, kí ó ní kí wọ́n ṣírò iye mítà tí ọkọ̀ yóò jẹ kí ó tó dúró. Ọmọ tó bá ṣe ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀ kò ní pàtẹ́wọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìdáhùn ìbéèrè wa ti wá hàn gbangba. Ìyá ọlọ́sàn tó fa atẹ rẹ̀ sẹ́yìn kò kàwé físíìsì, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò mọ̀. Kí a tó tún ra gàárì wúrà, ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí ẹṣin bá sì gbéra nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé Tòkunbọ̀ tòótọ́ ni ọmọ tó jáde nílé láàárọ̀, tó sì padà wálé láàyè nírọ̀lẹ́.